Ọkùnrin Tí Kò Yìnbọn ní Dagenham

Òórùn ẹ̀tù ni mo kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀, kí n tó fojú kan ìbọn kankan. Ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham, nílùú òyìnbó níbí, ni ilé tí a ti ń yìnbọn náà wà, níbi tí ọ̀nà ti ń dá páropáro lọ sí odò: ilé bíríkì gígùn kan, òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀, kò ní fèrèsé. Bí o bá ti wọlé tí ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ, ariwo ọkọ̀ títì á dákẹ́ pátápátá, á wá ku ìwọ àti òórùn ẹ̀tù tó ti jóná, epo irin, àti rọ́ọ̀gì àtijọ́ tí ọ̀rinrin ti mú. Wọn kì í tan iná púpọ̀ síbi tí a ń dùbúlẹ̀ sí láti yìnbọn. Ìpẹ̀kun ọ̀hún, níbi tí bébà tí a ń yìn wà, ni iná ti máa ń mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo àárín á sì ṣókùnkùn bí inú kànga. Àwọn òyìnbó jókòó, wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ńkọ́? Orí mi wú. Òórùn yẹn gan-an ló máa ń wà lára aṣọ tí bàbá mi so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ nílé, tí kò wọ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi ara rẹ pé kí ni mo wá débẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà yẹn, láti Marks Gate sọ̀ kalẹ̀. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Becontree tí wọ́n bí sínú ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé, ló ní ẹgbẹ́ kan wà tí àwọn ti máa ń fi ìbọn kékeré yin bébà, pé kí n wá wò ó lọ́jọ́ kan. Ìbọn ọlọ́ta kan ṣoṣo ni, o máa kì í, o máa yìn ín, o tún máa ki òmíràn. Ìjọba mọ̀ sí i, ọlọ́pàá mọ̀ sí i. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá ìjọ ká ọwọ́ lérí, ó ní ṣé ààwẹ̀ ló ń pa mí ni. Aládùúrà ni wá, aṣọ funfun la máa ń wọ̀, a kì í wọ bàtà sílé Ọlọ́run. Obìnrin wá bọ́ sútánà tán, ó ń lọ gbé ìbọn! Mo jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́rùn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọmọ ọdẹ ni mí, torí bí mo bá ti sọ ìyẹn, wọ́n á béèrè ìyókù.

Ìyókù náà rèé. Òkè-Ògùn ni ilé wa. Bàbá mi àti àbúrò rẹ̀, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Kékeré, ni wọ́n jọ ń ṣọdẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọlọ́wọ́-òsì ni Bàbá Kékeré, ìka tó kéré jù ní ọwọ́ òsì náà sì ti ká wọnú, torí ṣakabùlà kan tó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó máa ń fi ìka yẹn gbá wa létí, á ní ìwọ̀ ẹja ni. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú, àwọn méjèèjì wọ ìgbẹ́, bàbá mi nìkan ló jáde. Ó ní àwọn pínyà létí odò, òun pè é títí, kò dáhùn. Gbogbo ọdẹ ìlú wá a. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n rí, àti ìbọn rẹ̀ tó fara ti igi. Òun fúnra rẹ̀, láàyè tàbí lókùú, wọn ò rí i. Nígbà tó pẹ́ tí ìrètí pin, wọ́n ṣe ìṣípà fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọdẹ tó bá kú: wọ́n kó aṣọ ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n ní kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn.

Bàbá mi kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnu ayé sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó yìnbọn lu àbúrò rẹ̀, ó rò pé ẹran ni, ó wá gbé e sin kí ẹnikẹ́ni má rí i. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ wá ṣe ìwádìí wa nílùú, wọn ò padà wá mọ́, ọkùnrin náà ò sì dá mi lóhùn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi bàbá mi. Ó ní, “Mi ò mọ ibi tó wà.” Mo gbà á gbọ́. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n jà lórí rẹ̀, mo ti bá ọ̀rẹ́ jà, mo ti fi ibi ayẹyẹ sílẹ̀ torí ẹnìkan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà yẹn, Bàbá ti darúgbó, ó jókòó sílé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí orúkọ rẹ̀ mọ́ kó tó kú.

Bóyá ìdí nìyẹn tí yíyin bébà nìkan kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè mú ìbọn dání kó má ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá ń wá ẹni tó máa gba ìwé-ẹ̀rí láti máa kọ́ àwọn tí kò yìnbọn rí, mo nawọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ agbára o. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wàá máa wò, o ò ní wo bébà. Ẹnu ìbọn kì í kúrò ní ọ̀kánkán bébà. Ìka kì í wọ ibi tí a ti ń fà á àfi tí ojú bá ti rí ohun tó fẹ́ yìn, tó sì dá a lójú. A kì í na ìbọn sí ènìyàn lọ́wọ́, orí ẹní la ń gbé e sí, kí ẹni tó kàn fúnra rẹ̀ gbé e. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó le fún mi ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí ìlà ìyìnbọn, kó ké mọ́ ọn pé kó dúró, ì báà jẹ́ ọba. Ìwọ náà rò ó wò: kí n ké mọ́ ẹni tó tó bí mi! Ọ̀gá tó ń kọ́ mi sọ ọ́ títí ó sú u, ó ní mo tún ti ń bẹ àwọn àgbàlagbà, pé “ẹ jọ̀wọ́” kì í dá ọta dúró. Tó bá wá di ọjọ́ ìdánwò, olùdánwò kan á wá láti ibòmíràn, á dúró lẹ́yìn rẹ, á yan ẹni tí o kò rí rí fún ọ, á ní kí o kọ́ ọ.

Ọ̀sán Sátidé kan tí ẹgbẹ́ ṣílẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò ni wọ́n fi ìdánwò mi sí. Mo pe àwọn ènìyàn wa. Àwọn ọmọ ìjọ wá, ìyá ìjọ náà wá, ó ní òun wá wo ẹ̀sín. Aládùúgbò mi ní Gascoigne, ní Barking, ọ̀gbẹ́ni Mùsùlùmí kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, kó àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ìkùukùu ti gun òkè láti odò láti àárọ̀, ó bo ọ̀nà náà débi pé àwọn tó ń rìn bọ̀ láti ìdí bọ́ọ̀sì, ohùn wọn la kọ́kọ́ ń gbọ́. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, o ò ní rí ẹnikẹ́ni, àfi kí ojú kan ṣàdédé yọ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró níbẹ̀, mò ń kí wọn wọlé. Mi ò rí ẹni tó wọlé kẹ́yìn nígbà tó ń wọlé.

Òun ni olùdánwò nàka sí. Àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù dúdú gígùn, ó dúró sẹ́yìn gbogbo ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo kí i ní Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, kì í sì í ṣe Yorùbá Èkó tí gbogbo wa ń pò mọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Yorùbá Òkè-Ògùn ni, bó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé wa gan-an. Orúkọ tó sọ fún mi kì í ṣe orúkọ tí mo mọ̀. Ó wá fa ọwọ́ yọ nínú àpò kóòtù láti gba ìbòtí, ohun tí a fi ń dí etí sí ìró ìbọn, tí mo gbé kalẹ̀ fún un, ọwọ́ òsì ló nà, ìka tó kéré jù níbẹ̀ sì ká wọnú. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ láti kúnlẹ̀ kí n tó rántí pé olùdánwò wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

O ti gbọ́ nípa àkúdàáyà rí, àbí? Bí o tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìgboro, wọ́n á ti fi dẹ́rù bà ọ́ nígbà èwe. Ẹni tó kú láìtọ́jọ́, tó wá kọjá lọ sí ìlú tó jìnnà, tó ń gbé níbẹ̀ bí ènìyàn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, tó tilẹ̀ lè fẹ́ aya. Àfi ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan bá rí i, tó sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ó parí nìyẹn, ìlú yẹn ò ní rí i mọ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, Kánò ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n ń gbé, tàbí Gánà. Èmi ń wo ìka yẹn, mò ń rò ó pé ta ló sọ pé wọn ò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ alààyè tó kàn sá kúrò nílé. Ó tún lè jẹ́ bàbá ẹlòmíràn tí ìka tirẹ̀ náà ká. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà láyé pé bàbá mi kò pààyàn ló dúró níwájú mi yẹn, mo sì lè fi ẹnu ara mi lé e lọ. Mo pa ẹnu mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó ń mi orí, kò béèrè ohunkóhun. Mo gbé ìbọn sórí ẹní, irin ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí gbogbo ojú rí i pé kò sí ọta nínú, mo ní kó wá dùbúlẹ̀ tì í. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó gun ẹní náà. Mo rí ìyá ìjọ tó rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì rí aládùúgbò mi tó ń mi orí pé ó káre. Àwọn òyìnbó tó wà lórí ìlà ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbòtí wà létí àwa méjèèjì, èyí tó máa ń dí etí débi pé ìró ìbọn á dà bí ìgbà tí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ ní yàrá kejì. Ó ki ọta, ó gbé ìdí ìbọn sí èjìká òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo iwájú.

Àwọn tó kù yìn. Wọ́n yìn tán, wọ́n gbé ìbọn wọn sílẹ̀. Òun ò yìn. Mo ní kó mí dáadáa, kó rọra fà á. Ìka rẹ̀ kò tilẹ̀ wọlé. Iná mọ́lẹ̀ rekete lórí bébà náà, àmì dúdú wà láàárín rẹ̀ gbàgàdà, ọmọdé á rí i. Mo mọ̀ pé olùdánwò ti sún mọ́ wa, torí mo rí orí bàtà rẹ̀ létí ẹní mi. Bàbá náà ń wo iwájú, kò ṣẹ́jú.

“Mi ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀,” ó ní.

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ kedere lábẹ́ ìbòtí, bíi pé inú orí mi ló ti sọ ọ́. Mo ní bébà ni, Bàbá, bébà lásán ni. Ó ní bí ẹni tó fẹ́ yìn ṣe máa ń rò nìyẹn, pé òun mọ̀ ọ́n. Mo wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ìbọn tó ní ọta nínú ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin tí mi ò mọ̀ bóyá ó wà láyé, àwọn ènìyàn mi sì kún ẹ̀yìn wa. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ké mọ́ ọn pé kó dúró, kó yọ ọta, kó gbé ìbọn sílẹ̀. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé mo ní in. Ó ṣe gbogbo rẹ̀ kíá. Ọta bọ́ sórí ẹní, ó sì gbé ìbọn lélẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn. Ó dìde jókòó, ó yọ ìbòtí, ó wá wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ṣé bàbá rẹ ló kọ́ ọ?”

“Bàbá mi kò fọwọ́ kan ìbọn mọ́, sà.”

“Mo mọ̀,” ó ní.

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde. Mi ò lè sáré tẹ̀ lé e. Olùkọ́ kì í fi ìlà sílẹ̀ títí á fi yẹ gbogbo ìbọn wò pé òfìfo ni wọ́n, olùdánwò sì wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Nígbà tí mo fi dé ìta, ìkùukùu nìkan ló kù. Ọ̀nà yẹn gùn tààrà, kò ní ẹ̀ka, mi ò sì gbọ́ ẹsẹ̀, mi ò gbọ́ ọkọ̀. Mo padà wọlé, mo bi ìyá ìjọ pé ta ló mú bàbá yẹn wá. Ó ní ṣé kì í ṣe ará mọ́ṣáláṣí ni. Aládùúgbò mi ní rárá o, àwọn rò pé ọmọ ìjọ wa ni, ṣebí àwọn rí i tó bọ́ bàtà. Wọ́n fi ara wọn ṣe ẹ̀rín títí. Èmi jókòó, mo ń mu tíì tó ti tutù. Olùdánwò wá bá mi, ó ní mo yege. Ó ní ẹni tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ̀ láti yìn nígbà tí kò dá a lójú, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kóun dá a dúró, kò sí ohun tó kù tí òun fẹ́ rí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ mi mà tutù o.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe bàbá mi lórí fóònù. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ju ẹ̀rù náà lọ. Láti ìgbà tí mo ti wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà: mo rí àbúrò yín, láàyè ni tàbí bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, mo fojú mi rí i ní Dagenham, kò sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n ní ẹ sin ín sí. Àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé fóònù sí i létí. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí ọwọ́ òsì dé orí ìka tó ká, ohùn ilé wa, bó ṣe dùbúlẹ̀ tó ní òun ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo wá ń dúró kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó ní kí wọ́n lọ pe gbogbo ẹbí jọ. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo gbọ́ àgùntàn tó ń ké lójúde wọn. Ó pẹ́ débi pé mo wo fóònù bóyá ó ti já.

“Ṣé ó ń bínú sí mi?” ni bàbá mi béèrè.

Mo rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé mi. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á ní irọ́ ni. Á béèrè ibi tó ń gbé, á béèrè bó ṣe débẹ̀, á bú u pé ó fi òun sílẹ̀ fún ẹnu ayé láti ọjọ́ yìí. Kò ní kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ń bínú sí òun. Gbogbo ìjà tí mo ti bá ènìyàn jà torí rẹ̀ wá ń kọjá lójú mi níkọ̀ọ̀kan, àwọn tí mo pè ní òpùrọ́, àwọn tí mi ò kí mọ́. Mo fẹ́ bínú sí i, mo wá ìbínú náà, mi ò rí i. Ohùn rẹ̀ ti kéré bíi ti ọmọ tó ń retí ìyà. Bóyá ó yìn, tí àbúrò rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú òkùnkùn, kò rí i mọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò bi í.

“Kò bínú, Bàbá,” mo ní.

Ó bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ ẹkún bàbá mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bi mí pé kí ni mo sọ fún Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Kò mẹ́nu kàn án mọ́, èmi náà ò mẹ́nu kàn án, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Àbúrò mi ní láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lóru.

Mo ṣì ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kùn sí mi pé mo ń pẹ́ jù kí n tó jẹ́ kí wọ́n yìn, pé mo ń bi wọ́n léraléra ohun tí ojú wọn rí. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kùn. Nígbà tí mo nawọ́ fún ìwé-ẹ̀rí yẹn, mo rò pé mo fẹ́ mọ ìbọn débi tí màá fi lè sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ aláìṣẹ̀ ni mí. Ohun tí mo mọ̀ báyìí ni pé ènìyàn lè jẹ̀bi kó sì jẹ́ bàbá rere, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé nínú ilé kan fún ọdún gbọọrọ, kí ó má sì sẹ́ni tó bá wọn làjà. Èmi ni mo wá là á, láti orí àtẹ̀gùn kan ní Barking, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rán mi. Mo ti wo ojú ọkùnrin yẹn lọ́kàn mi títí, bó ṣe jókòó sórí ẹní tó ń wò mí, mò ń wá ohun tó wà níbẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi pé kò bínú. Mi ò mọ̀.